Ojú Kan Ṣoṣo

Gọ̀gọ̀ ni Mojírádé pè é lọ́jọ́ àkọ́kọ́,
gọ̀gọ̀ tí wọ́n fi ń já ọsàn lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀ ní Ìjerò.
Ó nà án sókè, ó ń wá ọsàn lójú ọ̀run.
Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín.
Ọdún kejì tí Èkìtì di ìpínlẹ̀ nìyẹn,
ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Ìkéré,
tí òkè Olósùnta ń wò wá
bí òbí tó wá wo eré tí kò yé e.

Èmi ni gólì. Ẹ má bi mí ní ìdí rẹ̀:
mo sanra, mi ò lè sáré,
wọ́n di tìmùtìmù mọ́ mi lẹ́sẹ̀
bí ẹni tí ó fẹ́ la oko ẹ̀gún kọjá.
Kí ọyẹ́ tó dé, ọmọ Ìjerò yìí
ti ń gba àárín ènìyàn mẹ́ta kọjá
bí omi tí ń wá ọ̀nà lábẹ́ ilẹ̀kùn.
Tó bá ti rí ojú góòlù, á kígbe pé, "Ulé!"
Kò pè é ní ilé bí àwọn ará Ìbàdàn inú wa,
ulé ni, bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é,
bọ́ọ̀lù á sì lọ sí ulé.
Mẹ́tàdínlógún ló gbá wọlé lọ́dún kan.
Èmi ni mo ń fi ẹfun kọ iye rẹ̀ sára ògiri yàrá wa.

Ọ̀gbẹ́ni Fámúrewá a máa ní:
"Ojú kan ṣoṣo ni ọ̀pá họ́kì ní.
Fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, kí rẹfirí fun fèrè sí ọ létí."

Ìlọrin ni a ti pàdánù. Àṣekágbá.
Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù pẹ́nárítì síwájú Mojírádé,
èmi ti ń fò fáyọ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún.
Òpó ló bà. Mo gbọ́ ọ: kọ̀ọ́.
Mo ṣì ń gbọ́ ọ bí aládùúgbò mi bá ń la igi ìdáná.
Nínú ọkọ̀, láti Ìlọrin dé Ọ̀tùn, kò sọ̀rọ̀.
Ní Ọ̀tùn ó ra ẹ̀pà, ó pín in kárí,
kò fi ọ̀kan kan ẹnu.

Lẹ́yìn náà, orúnkún.
Àgọ́ ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, ilẹ̀ gbígbẹ,
orúnkún ọ̀tún yẹ̀ bí ilẹ̀kùn tó jábọ́ nínú àgbékọ́ rẹ̀.
Owó ọkọ̀ ni wọ́n fún un.

Ẹ má káàánú rẹ̀ o. Ó kórìíra àánú.
Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Odò-Ọjà,
nírọ̀lẹ́ á kó àwọn ọmọbìnrin jọ
sórí pápá tí ewúrẹ́ ti jẹ̀ kanlẹ̀.
Dáúdà káfíńtà ló ń gbẹ́ ọ̀pá fún wọn,
igi gúáfà, torí kì í tètè ṣẹ́,
ó ń gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí owó oṣù bá dé.
Ìyá kan wá bá a jà:
"Ṣé ọ̀pá lọmọ mi máa gbé lọ sílé ọkọ?"
Ó ní, "Bí ilé ọkọ bá gbóná, á wúlò."
Ìyá rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ rín in, ó fi ọmọ sílẹ̀.

Mo lọ wò wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Ìbídùnní, ẹlẹ́sẹ̀ bí ẹyọ ìgbálẹ̀,
fẹ́ gbá pẹ́nárítì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.
Mo rò pé Mojírádé yóò sọ ọ̀rọ̀ ńlá kan.
Ó kàn tiro lọ bá a, ó yí ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀:
"Ojú rẹ̀ nìyí."
Ọmọ gbá a. Ó fò kọjá lórí òpó, ó wọ igbó.
Àwọn tó kù pariwo "Ulé!" síbẹ̀, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó ka bọ́ọ̀lù: mọ́kànlá.
Méjìlá ló kó wá.
"Gólì," bó ṣe pè mí nìyẹn, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí,
"tan iná fóònù rẹ."
A bọ́ sínú koríko, àwa àgbà méjì,
ó ń fi ọ̀pá tú ewé, mo mú iná dání,
orúnkún rẹ̀ ń dún bó ti ń bẹ̀rẹ̀,
kò sì sẹ́ni tó sọ pé ká fi í sílẹ̀ di ọ̀la.